Ẹ̀rọ Sinimá Tó Ń Gé Ọjọ́ Ayé

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, Hàwáwù gbàgbé ọmọ tó bí.

Ó jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Gángan, láàárín bùtá àti tẹ̀súbáà àti ẹní ìkírun tó ń tà, nígbà tí Mariyah ọ̀rẹ́ rẹ̀ yà kí i. Mariyah ò tiẹ̀ jókòó. Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Mo rántí ẹ lónìí o, Hàwáwù. Kí Ọlọ́run túbọ̀ máa kẹ́ Abdulmujeeb. Ọdún méjìlélógún, àfi bí àná."

"Ta ni Abdulmujeeb?"

Mariyah kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáadáa, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

"Ọmọ ẹ ni. Àkọ́bí ẹ."

"Khairiyyah ni àkọ́bí mi. Òun nìkan ni mo bí. Mariyah, ṣé ara ẹ yá?"

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ló gbọ́ ìró kan nínú etí òsì rẹ̀, kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí eyín irin kéékèèké bá ń jẹ ara wọn. Lẹ́yìn náà ni òórùn irun tó ń jóná gbalẹ̀. Ó dìde wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó wo ìta. Kò sẹ́ni tó ń dáná níbì kankan.

Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó gba ilé lọ. Fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀ tó máa ń nù ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀, nígbà tó ṣì tẹ́ẹ́rẹ́, ó di ọwọ́ ọmọkùnrin kan mú. Ọmọ náà wọ yunifọ́ọ̀mù, eyín iwájú rẹ̀ kan ti ká. Hàwáwù dúró síwájú fọ́tò yẹn títí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Kò mọ ọmọ ta ni.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà á. Ẹni àkọ́kọ́ tó sì pè lórí fóònù ni Jíbrílù, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ọmọ bàbá rẹ̀, tó gbé pọ̀n láti ọjọ́ tí ìyá wọn ti kú títí ọmọ náà fi tó ilé ìwé í lọ.

*

Fóònù Jíbrílù tàn nínú òkùnkùn.

Ó wà nínú yàrá ẹ̀yìn ní ilé bàbá wọn. Ó ti fi búláńkẹ́ẹ̀tì dí fèrèsé méjèèjì pa, débi pé oòrùn tó mú ganrín níta ò ríbi wọlé. Níwájú rẹ̀ ni ẹ̀rọ sinimá Alhaji Sùnmọ́nù, bàbá wọn, dúró sí lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, dúdú kirimù, pẹ̀lú ojú gíláàsì kan ṣoṣo.

Nígbà ayé Alhaji, ó máa ń ta aṣọ funfun sí àgbàlá, gbogbo àdúgbò á wá wòran. Ohun tí àdúgbò ò mọ̀ ni pé ẹ̀rọ náà ò lo iná mànàmáná, kò sì lo epo. Bí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún ọ ní nǹkan, tí o ki nǹkan náà bọ ẹ̀rọ lẹ́nu, tí o sì ń yí i, yóò gba ẹ̀yìn jáde ní fíìmù. Gbogbo ayé ẹni náà ni yóò wà lára fíìmù yẹn. Ibi tí o bá gé nínú rẹ̀, ẹni náà ò ní mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ rí. Alhaji fi han Jíbrílù lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì mú un búra pé kò ní fọwọ́ kàn án láéláé.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Jíbrílù lọ jókòó nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní òtútù ń mú òun. Hàwáwù yọ ìborùn ọrùn ara rẹ̀, ó fi bò ó. Ìborùn yẹn ló wà lẹ́nu ẹ̀rọ báyìí.

"Jíbrílù," ni ohùn Hàwáwù wí nínú fóònù, "nǹkan kan ń ṣe mí. Wọ́n ní mo ní ọmọkùnrin kan rí."

Lára ògiri, ojú Hàwáwù dúró gbagidi, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, ó ń wo àbúrò rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ fara balẹ̀. Ẹ má wọ̀rí. Mò ń bọ̀."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Fíìmù tó gé ti ká jọ nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti jóná fúnra rẹ̀ di eérú. Kì í ṣe ọmọ náà ló ń wá. Ọjọ́ tí bàbá wọn kú ló ń wá, ọjọ́ mẹ́ta péré ló sì wà láàárín ikú méjèèjì. Ọwọ́ rẹ̀ ló yá jù, gbogbo ibi tí ọmọ náà wà ló bá a lọ.

Ilé yìí ló fẹ́ tà. Àwọn tó ń wó ilé àtijọ́ kọ́ plásà ti wá wò ó. Ṣùgbọ́n Ìyá Hàlímọ̀, ìyàwó kékeré Alhaji, tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ṣì ń gbé yàrá iwájú, ó sì ti pè é lẹ́jọ́ ní kóòtù Igbosere. Ó ní ọkọ òun sọ kó tó kú pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lé òun jáde. Ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó ti olóògbé lọ́jọ́ náà, Hàwáwù. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni yóò jẹ́rìí.

Jíbrílù sunkún díẹ̀ nítorí ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó tún yí ẹ̀rọ.

*

Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, ó ti dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ti àga tí Hàwáwù jókòó sí, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Wàhálà ti pọ̀ jù fún yín ni, Àǹtí. Ọ̀rọ̀ kóòtù yìí ni."

"Ìwọ náà mọ̀ pé mi ò lè purọ́, Jíbrílù. Ohun tí bàbá wa sọ ni mo máa sọ."

"Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ bá ti sọ, mo fara mọ́ ọn. Ṣé ilé ló máa wá wà láàárín èmi àti ẹ̀yin?"

Ó yọ tírà kan láti inú àpò, awọ pupa tí wọ́n rán pa yíká. Ó ní alfa kan tí òun fọkàn tán ló ṣe é. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ó mọ́ ọn lọ́rùn.

"Ẹ má tú u o, kódà tí ẹ bá ń wẹ̀."

Hàwáwù gbé ọwọ́ lé e lórí bó ti máa ń ṣe láti kékeré. "Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n sin ẹ́, Jíbrílù. Ta ni mo tún ní?"

"Àmín," ni Jíbrílù wí. Ilẹ̀ ló ń wò.

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Ìyá Hàlímọ̀ ránṣẹ́ pe Hàwáwù. Ó bá obìnrin náà lórí ẹní ìkírun, ó kọ etí sí ògiri.

"Ti ilẹ̀kùn. Ṣé kò sẹ́ni lẹ́yìn ẹ?"

"Kò sẹ́nì kankan, Ìyá."

"Ẹnì kan ń yí ẹ̀rọ bàbá yín. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan."

"Ìyá, ẹ̀rọ tó ti dípẹtà?"

"Hàwáwù, ojú mi ló fọ́." Ó wá ọwọ́ rẹ̀ rí, ó fún un mọ́ra. "Mo mọ ìró rẹ̀. Mo sùn tì í fún ogún ọdún. Alhaji yí i ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó jáde síta, ó ní òun ti ṣe nǹkan tí Ọlọ́run ò ní darí jì òun. Láti ọjọ́ náà ni Àlàó tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo wa pé ibo ni ilé òun wà. Lọ bá Àlàó. Ó ṣì wà ní Igbosere. Má sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí."

"Kódà Jíbrílù?"

Ìyá Hàlímọ̀ jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó tún kọ etí sí ògiri.

*

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, Jíbrílù rí ohun tó ń wá.

Lára ògiri, Alhaji Sùnmọ́nù dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹnu rẹ̀ ń lọ láìsí ohùn. Hàwáwù tẹ̀ mọ́ ọn, omijé ń kán sí i lọ́rùn. Lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ tín-ínrín, ojú ọmọkùnrin kan ń yọ́ wò láti àlàfo náà. Jíbrílù mọ ojú yẹn. Tirẹ̀ ni.

Ó gbé àlùmọ́gàjí.

*

Hàwáwù ti wà ní ọ́fíìsì Lọ́yà Ọlátúndé, agbẹjọ́rò Ìyá Hàlímọ̀, ní òpópónà Igbosere. Ó fẹ́ kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ ẹ̀rí kó tó wá Àlàó lọ.

"Ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, Màmá. Lọ́jọ́ tí bàbá yín kú, kí ni wọ́n sọ fún yín?"

Hàwáwù la ẹnu. Ìró kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀ gba etí rẹ̀ kan. Tírà gbóná mọ́ ọn láyà.

"Ṣé mo wà níbẹ̀ ni?" ló béèrè.

Lọ́yà gbé bírò sílẹ̀. "Màmá, lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Bí mo bá sì sọ ọ́ fún yín báyìí, kò ní jẹ́ ẹ̀rí yín mọ́."

Ó sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ń di irin mú. Nísàlẹ̀, lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé kejì, bàbá arúgbó kan jókòó láàárín tapuráítà tó ti dẹnu kọlẹ̀ àti ẹ̀rọ fotokópì tí wọ́n tú palẹ̀. Òun ni Àlàó, tó ń bá àwọn akọ̀wé kóòtù tún nǹkan ṣe. Hàwáwù kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Baba. Ọmọ Alhaji Sùnmọ́nù ni mí."

Àlàó gbé imú sókè. Ó ju ìtúdè tó mú lọ́wọ́ sílẹ̀.

"Ta ló ń yí i?"

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Òórùn rẹ̀ wà lára ẹ." Ojú rẹ̀ bọ́ sí ọrùn rẹ̀. "Bọ́ nǹkan yẹn fún mi."

Ó fi abẹ la awọ náà. Kò sí ìwé kankan nínú rẹ̀, kò sí ẹsẹ Kùráánì kan. Fíìmù kékeré kan ló wà níbẹ̀, tí kò ju ìka méjì lọ, tó ká jọ bí èékánná. Àlàó gbé e sókè sí oòrùn kí Hàwáwù lè wò ó. Ó rí ara rẹ̀ níbẹ̀, ní ìlà, wẹ́wẹ́ bí ìrẹsì: ó ń yọ ìborùn, ó ń tẹ̀ síwájú, ó ń fi bo ọkùnrin kan tó ń gbọ̀n lórí àga.

"Èyí ni wọ́n fi ń de èèyàn mọ́ ẹ̀rọ, awọ ni kì í jẹ́ kó jóná. Ta ló so ó mọ́ ọ lọ́rùn?"

"Àbúrò mi."

"Ọmọ ìyá kan?"

Hàwáwù jókòó sórí sìmẹ́ǹtì níbi tó wà. Àwọn akọ̀wé ń gbé fáìlì kọjá, wọ́n ń yà fún un. Kò sunkún. Gbogbo ohun tó ń rò ni pé ọwọ́ Jíbrílù ò tiẹ̀ gbọ̀n nígbà tó ń ta kókó okùn náà lẹ́yìn ọrùn òun.

"Wọ́n ní mo ní ìyàwó kan rí ní Ọ̀yọ́," ni Àlàó wí, jẹ́jẹ́. "Bàbá yín fẹ́ràn iṣẹ́ mi, kò fẹ́ kí n máa rò ó láti padà sílé. Ó gé e. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi wá oògùn rẹ̀, mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tí mi ò lè dárúkọ. Èyí tó ń dá ohun tí wọ́n gé padà, kò sí. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́. Èyí tí mo rí, ti ìjà ni."

Ó wá àdó kékeré kan jáde láti ìdí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Òróró dúdú ló wà nínú rẹ̀.

"Fi pa ọwọ́ méjèèjì, ẹ̀rọ náà ò ní lè fà ọ́ wọlé. Àbúrò ẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún ẹ ní tírà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ohun tí ìwọ fi bọ́ sí i lọ́wọ́ ni òun náà fi bọ́ sí ọ lọ́wọ́ yìí. Ṣùgbọ́n á ti sin nǹkan sí ẹnu ọ̀nà yàrá. Bí o bá ti dá a kọjá, wàá gbàgbé ohun tí o wá ṣe. Mi ò ní ti ìyẹn. Ìwọ fúnra ẹ ni kí o wá nǹkan ṣe sí i."

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, Hàwáwù tẹ́ ọwọ́ òsì sílẹ̀ níwájú Khairiyyah, ọmọ rẹ̀, ó ní kó fi làálì kọ̀wé sí i fún òun.

"Màmá, kí lèyí?"

"Kọ ọ́ bí mo ṣe pè é."

Ọmọ náà kọ ọ́. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi gbẹ.

Jíbrílù ti lọ sí CMS láti pàdé ọkùnrin tó fẹ́ ra ilé. Ìyá Hàlímọ̀ ló mú kọ́kọ́rọ́ kejì jáde láti abẹ́ ìrọ̀rí. Hàwáwù pa òróró sọ́wọ́, ó ṣí yàrá ẹ̀yìn, ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé.

Ó dúró.

Yàrá dúdú ni. Ta ló ni ín? Ó rò pé bóyá ó wá mú aṣọ kan ni, tàbí bóyá ẹnì kan ló pè é. Ó fẹ́ yí padà. Ó ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

*Ki awọ tírà bọ ẹ̀rọ lẹ́nu. Yí i. Jíbrílù ló gé ọmọ rẹ.*

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò yé e. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Khairiyyah ló mọ̀ nínú ìwé náà, ó sì ṣe ohun tó rí kà.

Bí ẹ̀rọ ṣe gbé awọ náà mì ni gbogbo ohun tó wá ṣe padà sí i lórí. Ojú gíláàsì náà là. Ìmọ́lẹ̀ funfun lu ògiri, ayé Jíbrílù bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá níbẹ̀ láìsí ohùn. Ó rí ara rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó pọn ọmọ ọwọ́, tó ń gbá ilẹ̀. Ó rí Jíbrílù tó ń sá eré bọ̀ láti ilé ìwé, apá rẹ̀ nà sí i. Ó rí ọmọkùnrin tí eyín rẹ̀ ká, lórí èjìká Jíbrílù, tó ń fi ẹsẹ̀ gbá a láyà bí ẹni gun ẹṣin, tó ń rẹ́rìn-ín títí itọ́ fi ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Hàwáwù tẹjú mọ́ ọmọ náà. Ó ń retí kí nǹkan kan mì nínú òun. Kò sí ohun tó mì. Bí ọmọ aládùúgbò ló ṣe rí lójú rẹ̀.

Ìyẹn ló pa á lára ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ó ń yí i lọ. Bẹ́ẹ̀dì bàbá wọn, láti àlàfo ilẹ̀kùn. Ọdún lórí ọdún. Ọkùnrin kan tó wọ léèsì ní CMS, tó bọ Jíbrílù lọ́wọ́. Jíbrílù nínú yàrá yìí gan-an, àlùmọ́gàjí lọ́wọ́.

*

Ní CMS, ọkùnrin náà ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbà tí òórùn irun tó ń jóná gba imú Jíbrílù. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Èrò ń wọ bọ́ọ̀sì, àwọn tó ń ta gàlá ń pariwo. Ojú ẹnikẹ́ni ò yí padà. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ìró kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀ nínú etí ara rẹ̀.

Ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Kò gun nǹkan kan títí ó fi dé ilé.

"Àǹtí! Ẹ má ṣe é!"

Hàwáwù ò yíjú. Fíìmù wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, àlùmọ́gàjí wà ní ìkejì.

"Abdulmujeeb. Ṣé bí mo ṣe pè é yẹn ló ṣe tọ́? Lẹ́nu Mariyah ni mo ti gbọ́ ọ."

"Àṣìṣe ni, Àǹtí. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò wá ti ọmọ yẹn."

"Ti bàbá wa ń kọ́? Òun náà, àṣìṣe ni?"

Jíbrílù ṣubú sórí orúnkún. "Àwọn oníplásà ti mú mi mọ́lẹ̀. Mo ti ṣèlérí ilé yìí fún wọn. Mo rò pé ẹ ò ní mọ̀. Ẹni tí ò mọ ohun tó sọnù lọ́wọ́ ẹ̀, kí ló fẹ́ dùn ún?"

"Ó ń dùn mí," ni Hàwáwù wí. "Mi ò mọ ibi tó ti ń dùn mí, Jíbrílù, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí. O kúnlẹ̀ tì mí báyìí náà lọ́jọ́ Àlàmísì. O di ọwọ́ mi mú."

Jíbrílù fò dìde láti já fíìmù náà gbà. Hàwáwù gé e, láti ọjọ́ tí ọkùnrin oníléèsì ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ títí dé ìdí. Oṣù méje já bọ́ sílẹ̀, ó ká jọ, ó jóná.

Jíbrílù dúró láàárín yàrá, apá rẹ̀ ṣì nà síwájú. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wo fèrèsé tí wọ́n dí pa. Ìbínú ti kúrò lójú rẹ̀, ẹ̀rù náà ti lọ.

"Àǹtí?" ló pè. "Kí lẹ̀ ń ṣe nínú òkùnkùn níbí? Ta ló pa yín lẹ́kún?"

*

Ẹjọ́ náà ò tó wákàtí kan lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Nígbà tí wọ́n bi Jíbrílù léèrè, ó ní òun ò mọ ẹni tó ní òun fẹ́ lé Ìyá Hàlímọ̀ jáde. Ó ní bàbá òun sọ pé kí ìyá máa gbé ilé náà títí ọlọ́jọ́ á fi dé, òun dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, òun sì gbọ́ ọ pẹ̀lú etí òun. Lọ́yà tirẹ̀ wò ó bí ẹni rí òkú tó jí. Ọkùnrin oníléèsì dìde, ó jáde. Hàwáwù jókòó sí ẹ̀yìn kóòtù, wọn ò tiẹ̀ pè é.

Ní ìrọ̀lẹ́, Àlàó fi òòlù fọ́ ojú gíláàsì ẹ̀rọ náà, wọ́n sì gbé ìyókù sọ sínú ọ̀sà. Àlàó wo Hàwáwù lẹ́ẹ̀kan nígbà tí wọ́n fẹ́ pínyà, ó ní, "O gbà á là o. Ṣùgbọ́n kò ní bẹ̀ ọ́ láé." Hàwáwù ní òun mọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n kírun tán, Jíbrílù wá kí i, ó mú búrẹ́dì gbígbóná lọ́wọ́. Ó jókòó sí àga tó máa ń jókòó sí. Hàwáwù dúró sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì.

"Sọ ti Abdulmujeeb fún mi," ló wí.

Ó yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Ó sọ bí ọmọ náà ṣe máa ń fi ṣúgà há sábẹ́ fìlà. Ó sọ bó ṣe ń ya irun Ṣọ́kólóòtì, ajá aládùúgbò. Ó sọ orúkọ ìnagijẹ tó máa ń pe ìyá rẹ̀ tí inú bá ń bí i. Ibì kan dé tí ẹ̀rín pa á títí ó fi di ẹkún. Ìrun ìrọ̀lẹ́ ti sún mọ́lé kó tó dákẹ́. Hàwáwù gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró.

Jíbrílù nawọ́ láti di ọwọ́ rẹ̀ mú. Hàwáwù fa ọwọ́ sẹ́yìn.

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ tó nà. "Àǹtí, láti ọjọ́ Sọ́ńdè lẹ ti ń ṣe báyìí sí mi. Ẹ ò jẹun tì mí mọ́. Ẹ ò pè mí. Kí ni mo ṣe yín?"

Hàwáwù wo ojú rẹ̀. Kò sí ẹ̀tàn kankan níbẹ̀. Àbúrò tó pọ̀n ni, ojú rẹ̀ rẹ̀ dòdò, ó ń dúró de èsì.

Ó gbé àwo búrẹ́dì, ó wọ kíṣìnnì lọ, ó ti ilẹ̀kùn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," ni Jíbrílù ń wí ní pálọ̀. "Ẹ ṣáà sọ fún mi, kí n lè bẹ̀ yín."